Ilé Tó Wà Láàárín Pílánù

Kọ́tìnì náà kò dọ̀tí. Ohun tó kọ́kọ́ mú ara fu Alágbàfọ̀ nìyẹn. Ó tẹ́ ọ̀kan sórí tábìlì, ó yí i síwá sẹ́yìn, kò rí àbàwọ́n kankan. Aṣọ funfun báláú, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú ọ̀rá.

"Ọkọ mi, kí ni kí n fọ̀ lára eléyìí?"

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọkọ Alágbàfọ̀ ti kú, àbúrò rẹ̀ sì ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Alágbàfọ̀ fúnra rẹ̀ ló fún un lórúkọ yẹn nígbà tó wọlé bí ìyàwó, tí ọmọkùnrin náà ṣì rí tín-ín-rín. Ní báyìí, ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí òun tó wọlé, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò kúrò lára rẹ̀. Ejẹ́ǹtì ilẹ̀ ni.

"Ìyàwó wa, eruku ọ́fíìsì kì í hàn sójú. Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ló ní kí n gbé e wá fún yín. Wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ jẹ nínú iṣẹ́ náà. Àmọ́ ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́ o. Ẹ má gbé e sínú ẹ̀rọ."

"Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ wó ilé mi ló fẹ́ kí n bá òun fọ kọ́tìnì?"

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ wíwó ilé? Ìdàgbàsókè ni, ìyàwó wa. Ìgbé ayé ọ̀tun. Àwọn ọmọdé máa wá láti ibi gbogbo wá ṣeré níbí, inú wọn á máa dùn..."

"Ẹ gbé ìgbé ayé ọ̀tun sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Màá fọ̀ ọ́."

Alọṣọ, obìnrin tó ń bá a lọ aṣọ, gbójú sókè nídìí áyọ́ọ̀nù rẹ̀. "Ẹ̀yin kẹ̀, ẹ ò ní jókòó? Ẹ ò mu omi. Ṣé ẹ̀gún wà lórí àga wa ni?"

"Mo ń sáré ni."

"Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ lẹ ti ń sáré. Eré yẹn ò sì mú kẹ́ ẹ gbẹ."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tún rẹ́rìn-ín. Kò jókòó. Kò mu omi. Ó fi ẹ̀yìn rìn jáde, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n wà lẹ́yìn òun.

Ilé-iṣẹ́ kan ló fẹ́ kọ́ ọgbà ìgbafẹ́ síbẹ̀: òtẹ́ẹ̀lì ńlá, kẹ̀kẹ́ gìrìwò tó ń gbé èèyàn yípo lókè, adágún omi tí àwọn ọkọ̀ kéékèèké á máa lọ lórí rẹ̀. Gbogbo àwọn aládùúgbò ti tà, wọ́n sì ti wó ilé wọn. Àwọn òpó kúkúrú tí wọ́n kun orí wọn ní pupa, tí àwọn awọnlẹ̀ fi ń pààlà, ti yí ọgbà Alágbàfọ̀ ká. Ilé rẹ̀ nìkan ló kù. Láàárín pílánù gan-an ló wà, ibi tí adágún máa wà, nítorí ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ jù. Bí kò bá fọwọ́ sí i, kò sí adágún. Ó sì ti sọ pé òun kò ní fọwọ́ sí nǹkan kan. Ọkọ rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ kànga ilé náà. Òun ló mọ bíríkì, Alágbàfọ̀ ń bu omi fún un. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni gbogbo ohun tó kù fún un lára ọkùnrin yẹn wà.

Ó bu omi tó ti ń yá nínú oòrùn láti àárọ̀ sínú ọpọ́n. Ó da ọṣẹ sí i, ó rẹ kọ́tìnì náà sínú rẹ̀, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́. Òtútù gun apá rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́.

"Kí ló dé?" Alọṣọ bi í.

"Kò sí."

Ó ń fọ̀ ọ́ lọ. Omi náà kò dọ̀tí. Ọṣẹ náà kò sì hó.

*

"Ó ti kọwọ́ bọ̀ ọ́?"

"Mo dúró sẹ́yìn ọgbà títí mo fi rí i."

Oníṣègùn tí wọ́n ń pè ní Bàbá Onígò mi orí. Yàrá rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta táyà, òórùn rọ́bà kò sì jẹ́ kí èèyàn mọ òórùn kejì tó wà níbẹ̀. Ìgò bo ògiri láti ilẹ̀ dé àjà. Kò sí àga fún àlejò. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró láàárín yàrá, ó kó apá mọ́ra kó má baà fara kan nǹkan kan.

"Mo bi ọ́ lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ wá, mo tún ń bi ọ́," Bàbá Onígò sọ. "Kí ló dé tí o ò ní kó kú?"

"Ẹ dákun, Bàbá! Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni. Òun ló ń fọ aṣọ ilé ìwé fún mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Kó ṣáà kórìíra ilé yẹn. Kó fúnra rẹ̀ kó ẹrù, kó fọwọ́ sí i, kó máa lọ. Bí kò bá lọ, wọ́n á gbé ọgbà náà lọ sí ìlú mìíràn, èmi tí mo ti fọwọ́ sọ̀yà fún wọn á di ẹni ẹ̀sín."

"Ikú, mo mọ ibi tó máa ń parí sí. Èyí tí o gbà yìí, mi ò mọ̀ ọ́n."

"Báwo lẹ ò ṣe mọ̀ ọ́n? Ẹ̀yin lẹ sè é."

Bàbá Onígò yí ojú kúrò lára rẹ̀. Ìgò kan tó wà lábẹ́ fèrèsé ló ń wò. Ìgò òfìfo ni, wọ́n dé e pinpin, síbẹ̀ inú rẹ̀ ń làágùn. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà wò ó, ó sì yára wo ibòmíràn.

"Má jẹ nílé rẹ̀," ni Bàbá Onígò tún sọ. "Má mu. Má jókòó. Má bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Bó bá fura, ohun tó máa gba ẹnu rẹ wọlé ló máa wá."

"Mo ti ń ṣọ́ra tipẹ́."

"Ṣọ́ra sí i. Kí o sì gbé kọ́tìnì náà wá tó bá ti fọ̀ ọ́ tán, ká sun ún. Ohun tí wọn ò bá rí, wọn ò ní lè tú u."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Láti ìsàlẹ̀, ó gbọ́ tí ẹnì kan ń fi èékánná kan gíláàsì lókè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó mọ̀ pé Bàbá Onígò kò kúrò lórí ìjókòó rẹ̀.

*

Ilẹ̀kùn ló fi bẹ̀rẹ̀. Alágbàfọ̀ gbé aṣọ ibùsùn lọ fún òtẹ́ẹ̀lì kan ní ìgboro, ó padà dé, ó sì kan ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀. Ó dúró kí ẹnì kan wá ṣí i. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró pẹ́ kó tó rántí.

Lẹ́yìn ìyẹn, òórùn ilé náà yí padà. Kì í ṣe òórùn búburú. Òórùn ilé onílé ni, irú èyí tí èèyàn máa ń gbọ́ nígbà tó bá lọ kí ẹni tí kò mọ̀ dáadáa. Ó fọ ilẹ̀, ó ṣí fèrèsé, òórùn náà dúró síbẹ̀. Ó jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀, ara rẹ̀ bù ú mọ́ aṣọ, ó fò dìde. Ó ń ti yàrá kan bọ́ sí èkejì, ó sì ń tọrọ gáfárà lẹ́nu ọ̀nà níbi tí kò sí ẹnì kankan.

Nígbà tí Alọṣọ dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, orí tábìlì tí wọ́n fi ń lọ aṣọ ló bá a. Ó sùn síta.

"Ìwọ obìnrin yìí! Ẹ̀fọn ò gbé ọ lọ?"

"Ẹ̀fọn sàn."

"Ó sàn ju kí ni?"

Alágbàfọ̀ fi ẹnu júwe ilé náà. Kò fẹ́ fi ìka nà án. "Ó ń wò mí."

"Kí ló ń wò ọ́?"

"Ó ń wò mí bí àlejò tó ti pẹ́ jù. Ó fẹ́ kí n máa lọ."

Alọṣọ fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ti la ẹnu, ṣùgbọ́n ó rí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì jókòó tì í.

"Mo ń gbìyànjú láti rántí ohùn ọkọ mi láti àná," Alágbàfọ̀ sọ. "Mo rántí pé ó máa ń sọ̀rọ̀. Mi ò rántí ohùn náà."

"Ìgbà wo lèyí bẹ̀rẹ̀?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Àwọn méjèèjì sì wo ọpọ́n.

Alọṣọ kò bá a lọ aṣọ kankan lọ́jọ́ náà. Ó wẹ̀, ó múra, ó lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ ọgbà ìgbafẹ́ bí ẹni tó ń wá iṣẹ́. Nígbà tó padà dé, ẹnu rẹ̀ ti gbẹ.

"Gíláàsì dúdú ni gbogbo ilé náà, láti òkè délẹ̀. Mo bi obìnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ pé ṣé wọ́n á lè fún mi ní kọ́tìnì wọn kí n máa bá wọn lọ̀ ọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Kọ́tìnì wo? A ò ní kọ́tìnì rí.'"

"Ìwọ lo gbé e padà fún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́."

"Èmi ni. Mo tún ṣẹ́ ẹ dáadáa fún un, mo kí i pé ó dàbọ̀."

*

Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Màmá Sàlúùn, tó mọ oògùn bó ṣe mọ irun, ń di irun oníbàárà kan lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wọlé. Ó wo Alágbàfọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí oníbàárà náà lọ jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun. Irun rẹ̀ kò tutù. Ariwo ẹ̀rọ náà ni Màmá Sàlúùn fẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ.

Ó fi ìyarun ya irun Alágbàfọ̀ sí méjì, ó tẹjú mọ́ ìlà àárín rẹ̀. Ó ń jẹ ṣíngọ́ọ̀mù. Ó dá jíjẹ rẹ̀ dúró.

"Aṣọ ló gbà wọlé."

"A mọ̀," Alọṣọ sọ. "Kọ́tìnì ni."

"Ẹ gbé e wá."

"Ó ti gbé e lọ."

"Á jẹ́ pé mi ò lè tú u nìyẹn. Mi ò ní parọ́ fún yín kí n máa wá fi ẹnu dídùn tàn yín."

"Èmi ńkọ́? Èmi ni mo lọ̀ ọ́!"

"Iná ti gba orí rẹ̀ kọjá kó tó kàn ọ́. Lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ áyọ́ọ̀nù ẹ." Ó tún yíjú sí Alágbàfọ̀. "Ilé náà ló ń jẹ lọ́kàn ẹ. Tó bá jẹ ilé tán, á jẹ ohun tó wà nínú ilé. Ẹni tó kọ́ ọ. Àwọn tó máa ń wá síbẹ̀. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí ilé mi gbà."

"Kódà tí o bá gbàgbé pé tìẹ ni?"

Alágbàfọ̀ mi orí. Omi wà lójú rẹ̀. "Nígbà yẹn gan-an ni mi ò fẹ́ kí wọ́n rí i gbà."

Màmá Sàlúùn ronú. Ẹ̀rọ ń hó lẹ́yìn wọn. "Ẹni tó gbé e wá fẹ́ kí o kórìíra ilẹ̀ yẹn. Jẹ́ kí òun náà fẹ́ràn rẹ̀. Kó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé kò ní tà á, kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn tà á. Tí ìwọ bá ń sá lọ, òun á máa wọlé bọ̀ láti bá ọ ṣọ́ ọ. Àmọ́ ẹnu ló gbọ́dọ̀ gbà. Kí ló máa ń jẹ nílé ẹ?"

"Kì í jẹ nǹkan kan."

"Omi ńkọ́?"

"Kì í mu. Kì í jókòó. Ó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀."

Alọṣọ ní, "Tí a bá fún un ní atẹ́gùn, á kọ́kọ́ bi wá pé ta ló fẹ́ ẹ."

Lójijì, ẹ̀rín kékeré kan wá sí ẹnu Alágbàfọ̀, ẹ̀rín tí kò dùn ún wò.

"Ó máa ń tọ́ ilẹ̀ wò."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ejẹ́ǹtì ni. Tó bá ń fi ilẹ̀ han èèyàn, á bù ú, á fi ọwọ́ rún un, á fi díẹ̀ sórí ahọ́n, kó lè sọ fún wọn bóyá amọ̀ ni àbí yanrìn. Níwájú àwọn ọ̀gá ló máa ń ṣe é. Ó ti ṣe é pẹ́ débi pé kò mọ ìgbà tó ń ṣe é mọ́."

Màmá Sàlúùn lọ sẹ́yìn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó mú ẹ̀bù oògùn dúdú kan nínú ọ̀rá dání, ó ti fi nẹ́ẹ̀tì irun wé e.

"Á dì í mú," ló sọ. "Ẹ má wá bi mí ìgbà tó máa tú u sílẹ̀."

*

Ẹ̀njíníà tó ya pílánù náà wá wo ilẹ̀ pẹ̀lú Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Bàtà rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó tẹ́ pílánù sórí ọwọ́, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kàwé: ibí ni ọkàn ọgbà náà, ibí ni ojú omi á ti máa dán, ibí ni ìdílé á ti máa pàdé ayọ̀.

"Ibí ni mo ń sá páńtì sí," Alágbàfọ̀ sọ láti ẹ̀yìn àwọn aṣọ tó ń sá.

Ẹ̀njíníà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ara ń fu ú. Obìnrin náà ti kí i dáadáa jù nígbà tó dé. Aṣọ ibùsùn funfun wà lórí okùn láti igun kan dé èkejì, atẹ́gùn ń gbé wọn sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló sì ń rí lábẹ́ wọn.

"Ohun kan ló ṣe pàtàkì," Ẹ̀njíníà sọ. "Ṣé ilẹ̀ yìí á di omi mú? Tó bá jẹ́ yanrìn, a ò ní adágún."

"Ẹ jẹ́ n sọ fún yín báyìí báyìí, ọ̀gá."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítòsí kànga. Ó bu iyẹ̀pẹ̀, ó rún un, ó gbé ọwọ́ lọ sẹ́nu. Lábẹ́ aṣọ, ẹsẹ̀ tó ń rìn dúró.

Ọwọ́ rẹ̀ náà dúró.

Ó wo ẹsẹ̀ yẹn. Ó wo iyẹ̀pẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àyà rẹ̀ já, lẹ́yìn náà inú rẹ̀ dùn. Áà, ìyàwó wa! Ẹ gbọ́n o. Ó da iyẹ̀pẹ̀ náà nù, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, ó fi nù ún lára ṣòkòtò.

"Ibí ti mu omi ọṣẹ jù, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ ká lọ sí igun ọ̀hún."

Ó mú un lọ sí ìpẹ̀kun ọgbà, lẹ́yìn okùn tó kẹ́yìn, nídìí òpó olórí pupa kan. Koríko tó wà níbẹ̀ dúró ṣánṣán. Kò sí ipasẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó wò ó yíká kó lè dá a lójú. Ó na ọwọ́, ó bu iyẹ̀pẹ̀ láàárín koríko, ó rún un, ó fi sórí ahọ́n.

"Amọ̀ ni. Á di omi mú bí abọ́."

Nígbà tó sọ ọ́ tán ló mọ̀ pé ó dùn. Ó ti tọ́ oríṣiríṣi ilẹ̀ wò. Ó mọ èyí tó kan, ó mọ èyí tó korò, ó mọ èyí tó dà bí irin. Kò tíì tọ́ ilẹ̀ tó dùn wò rí.

Ó yíjú. Láàárín aṣọ méjì, Alágbàfọ̀ ń wò ó. Ọ̀pá gígùn tó fi ń gbé okùn aṣọ sókè wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀pá tó lè dé ìpẹ̀kun ọgbà láìjẹ́ pé èèyàn tẹ koríko kankan. Iyẹ̀pẹ̀ àti ẹ̀bù dúdú wà ní orí ọ̀pá náà.

*

Adùn náà kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó fọ ẹnu títí ó fi ṣẹ̀jẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀ nílé, kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Kànga ló ń rò. Ó ń rò ó pé ṣé wọ́n ti dé e.

Kí oòrùn tó yọ, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà Alágbàfọ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òpó ààlà lòun wá wò. Ó fa ọ̀kan tu, nítorí ó sún mọ́ kànga jù. Ó fa èkejì tu. Ó tu koríko nídìí ògiri. Fóònù rẹ̀ ń dún, ilé-iṣẹ́ ló ń pè é, ó pa á. Nígbà tó fẹ́ lọ sílé, mọ́tò rẹ̀ dé ìpẹ̀kun ọgbà, àyà rẹ̀ sì fún pọ̀ bí ti ẹni tó gbàgbé ọmọ sínú ilé. Ó yí mọ́tò padà.

Ìgbà yẹn ló yé e. Kì í ṣe òmùgọ̀.

Ó bu iyẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ náà sí àpò rẹ̀ méjèèjì, nítorí ọ̀nà yẹn nìkan ló fi lè rìn dé ọ̀dọ̀ Bàbá Onígò. Ilẹ̀kùn òkè ti di títì. Ọkùnrin tó ń ta táyà nísàlẹ̀ ń nu ọwọ́.

"Bàbá wo? Ó ti kó lọ."

"Kó lọ síbo?"

"Kò sọ fún mi. Ó ní ìgò kan bẹ́. Ó ní òun ò fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí ohun tó jáde nínú ẹ̀ bá ń padà bọ̀." Ọkùnrin náà wò ó. "Bọ̀dá, kí ló ń dà jáde nínú àpò yín?"

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ di àpò mú. Ó sáré.

*

Àṣálẹ́ ni wọ́n pàdé. Alágbàfọ̀ jókòó síta, lẹ́yìn ọgbà, lórí àpò ẹrù kan. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wà nínú ọgbà, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Alọṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárín wọn, kò mọ ẹni tí òun máa wò.

"Ìyàwó wa, kí lẹ fi sínú ilẹ̀?"

"Kí lẹ fi sínú kọ́tìnì?"

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Mo ṣẹ̀ yín. Ojú kòkòrò ló bá mi jà. Ẹ mú mi lọ bá ẹni tó ṣe é, màá jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ níwájú rẹ̀."

"Mo ti lọ bá a," Alọṣọ sọ. "Ó ní tiyín ṣì ṣeé tú. Àmọ́ ẹni tó fi í sínú ilẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n tú u, kó sì jẹ́ pé ilẹ̀ náà ló fẹ́ gbà padà. Bí kò bá ti ọkàn rẹ̀ wá, kò ní jẹ́."

"Ẹ gbọ́, ìyàwó wa? Ẹ ṣáà sọ ọ́. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ ilẹ̀ yín padà!"

Alágbàfọ̀ wo ilé náà. Ó wò ó gan-an, ó fún ojú pọ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Alọṣọ rí i pé kì í ṣe eré ló ń ṣe, ó ń wá a ní tòótọ́.

"Mo ń wá ibi tó wà nínú mi," ló sọ níkẹyìn. "Kò sí níbẹ̀ mọ́."

"Ẹ tún wá a!"

"Ẹ jẹ́ n fọwọ́ sí ohun tí wọ́n ní kí n fọwọ́ sí. Mo fẹ́ máa lọ."

"Ẹ má fọwọ́ sí i!" Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú láti abẹ́ wáyà ọgbà. Apá rẹ̀ nìkan ló lè jáde, orí rẹ̀ kò kọjá ààlà. "Ìyàwó wa, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín! Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé yìí!"

Alágbàfọ̀ bojú wo apá tó dì í mú. Kò bínú.

"Ẹ̀gbọ́n yín wo?"

*

Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò Ẹ̀njíníà ni Alágbàfọ̀ ti fọwọ́ sí i. Ó yá a lára. Kò bi wọ́n ní ìbéèrè kankan. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń wó ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í bú ramúramù, ó ti tẹ wáyà ọgbà mọ́lẹ̀, ó ń bọ̀ wá sí ilé. Alọṣọ ń tú àwọn aṣọ tó kù lórí okùn. Láti àárọ̀ ló ti ń wá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, kò rí i, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá ó rí ọ̀nà sá lọ.

"Màmá, ó gbọ́dọ̀ dá mi lójú o," Ẹ̀njíníà sọ. "Ṣé kò sí ẹnì kankan nínú ilé yẹn?"

Ẹ̀rọ náà sinmi díẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ ń dúró de àṣẹ. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, gbogbo wọn gbọ́ ọ. Ẹnì kan ń gbálẹ̀ nínú ilé. Ó ń gbá a pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ sí nǹkan tó ń gbá.

Ẹ̀njíníà yíjú sí Alágbàfọ̀.

"Kò sí ẹni tí mo mọ̀ níbẹ̀," Alágbàfọ̀ sọ.

Alọṣọ wo ojú rẹ̀. Ó wá irọ́ níbẹ̀, nítorí bó bá rí irọ́, ìbínú ló máa jẹ́, ìbínú sì yé e. Kò rí irọ́ kankan. Òótọ́ lobìnrin náà ń sọ.

Awakọ̀ kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ó rí Ẹ̀njíníà tó gbé ọwọ́ sókè láti nu òógùn, ó sì rò pé àṣẹ nìyẹn. Ẹ̀rọ náà bú, ó gbé apá rẹ̀ sókè lórí òrùlé.

Alọṣọ já aṣọ ibùsùn kan kúrò lórí okùn, ó sáré bọ́ síwájú ẹ̀rọ náà, ó ń fì í, ó ń pariwo. "Èèyàn wà níbẹ̀! Ẹ dúró! Èèyàn wà níbẹ̀!"

Apá irin náà dúró lókè. Ó ń gbọ̀n.

Àwọn òṣìṣẹ́ wọlé lọ. Ó gbà wọ́n lákòókò. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n gbé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, ó sì di férémù ilẹ̀kùn mú títí wọ́n fi já a kúrò níbẹ̀ ní ìka kọ̀ọ̀kan. Ó ń pariwo pé ilé òun ni, ilẹ̀ òun ni, kí wọ́n má da omi lé e lórí. Ó já koríko, ó kó iyẹ̀pẹ̀ sẹ́nu. Wọ́n gbé e kọjá òpó ààlà tó kẹ́yìn.

Ohùn rẹ̀ dá lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń mí, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ṣùgbọ́n nígbà tí Alọṣọ tẹ̀ mọ́ ọn tó pè é, tó gbá a létí, tó tún pè é, kò sí ẹnì kankan tó dáhùn nínú ara yẹn. Iyẹ̀pẹ̀ ń rọra dà jáde ní igun ẹnu rẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fúnra rẹ̀ kúkú ti dúró sílé.

Alágbàfọ̀ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àwọn tó gbé e lè kọjá. "Ẹ kú iṣẹ́ o," ló sọ fún wọn, bí èèyàn ṣe ń kí àwọn tó ń gbé ẹrù lọ́nà. Lẹ́yìn rẹ̀, apá irin náà bọ́ sórí òrùlé. Ariwo náà mú kí gbogbo wọn yíjú, àfi òun.

Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó wo ọ̀nà tó ti ń gbà láti ìgbà tó ti wọlé bí ìyàwó, ó wo apá òsì, ó wo apá ọ̀tún. Ó yíjú sí Ẹ̀njíníà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ibo ni wọ́n ń gbà jáde níbí?"